Ìdájọ́ Tí Mo Dá Bíà Oníkafé

Ọdún kọkànlá tí mo ti ń yan kafé ní Parakou ni mo kọ́kọ́ gbọ́ lẹ́nu ìyàwó mi pé kafé dùn. Kì í ṣe ife tí mo gbé fún un ló wí bẹ́ẹ̀ fún. Inú bíà ọkùnrin mìíràn ni kafé ọ̀hún wà. Láti ọjọ́ náà ni owú ti wọlé sí mi lára, mi ò sì ní purọ́ fún ẹnikẹ́ni pé ó ti jáde tán.

Ẹ jẹ́ kí n sọ irú iṣẹ́ tí mò ń ṣe. Àpò kafé tí wọn kò tíì yan máa ń bá ọkọ̀ ojú irin gòkè wá láti ìsàlẹ̀ létí òkun, èmi á sì lọ gbé tèmi ní ibùdókọ̀. Lẹ́yìn ilé wa ní Banikanni, mo ní agbada irin ńlá kan, ààrò eléèédú, àti orógùn igi tó gùn ju apá mi lọ. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ti yan kafé pẹ́ ní Àbíjàn kó tó darí wálé, òfin kan ṣoṣo ló sì fi lé mi lọ́wọ́: agbada kan, ọwọ́ kan. Mo gba òfin náà bí ẹni gba oyè. Ìyàwó mi lè ṣa òkúta inú kafé, ó lè gún un, ó lè jọ̀ ọ́, ó lè sè é, ó sì lè tà á nídìí tábìlì wa lẹ́bàá ibùdókọ̀. Orógùn nìkan ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn.

Kafé máa ń fọhùn lórí iná. Ní àkọ́kọ́ á máa ta bí àgbàdo inú agbada, pá, pá. Lẹ́yìn náà á dákẹ́ díẹ̀, kó tó tún máa fọhùn lẹ́ẹ̀kejì, ohùn tín-ín-rín bí ìgbà tí ewé gbígbẹ bá ń fọ́ lábẹ́ ẹsẹ̀. Nígbà tó bá fọhùn lẹ́ẹ̀kejì ni mo máa ń sọ ọ́ kalẹ̀, ó ti dúdú, ó ti ń yọ epo. Gbogbo ìgbà tí mò ń ro ó ni ìyàwó mi máa ń jókòó sí ẹ̀gbẹ́ mi lórí àpótí, tí á máa ṣa òkúta, kì í sọ̀rọ̀. Bí mo bá gbé ife àkọ́kọ́ fún un, á fi ẹnu kàn án, á gbé e sílẹ̀, á ní, "Ó gbóná." Ọdún mọ́kànlá gbáko, ó gbóná. Mo máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ lójú àwọn oníbàárà pé ọmọ Ìdàáṣà, kí ló mọ̀ ju ẹ̀kọ mímu lọ. Á rẹ́rìn-ín pẹ̀lú wọn.

Ọmọ àbúrò bàbá mi ló ni ilé ọtí kékeré kan ní Ladjifarani, bùfẹ́ẹ̀tì ni gbogbo wa ń pè é. Ọmọ Ṣábẹ̀ ni bí èmi, mo fi ọdún mẹ́fà jù ú lọ. Lágboolé wa, ìyàwó tó bá wọlé, ọkọ rẹ̀ ni gbogbo ọmọ tó bá nílé. Nítorí náà, láti ọjọ́ tí mo ti gbé ìyàwó mi dé ló ti ń pe àbúrò mi yìí ní "ọkọ mi", tí òun náà ń dá a lóhùn pé "ìyàwó wa". Ta ni yóò bínú sí ìyẹn? Ká ní kò pè é bẹ́ẹ̀ ni, èmi gan-an ni wọn ì bá bú ní Ṣábẹ̀ pé mi ò fi ilé han obìnrin. Mo gbọ́ "ọkọ mi" yẹn fún ọdún mọ́kànlá, kò kan etí mi rárá.

Ìgbà Rẹfolúṣọ̀n ni, nígbà tí àwọn ológun ń ṣèjọba. Kámáráádì ni gbogbo wa, ẹgbẹ́ ara wa, láti orí ẹni tó ń ta iyọ̀ títí dé orí ẹni tó ń bá ọkọ̀ ojú irin ṣiṣẹ́, rédíò sì ń sọ fún wa láàárọ̀ lálẹ́ pé agbára ọwọ́ ara wa ni kí á kọ́kọ́ gbẹ́kẹ̀ lé. Àbúrò mi kò gbẹ́kẹ̀ lé nǹkan kan nígbà yẹn, nítorí ọjà rẹ̀ kò tà. Bíà dúdú pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, àwọn èèyàn ní ó korò bí ewúro, wọn kì í sì mu ún. Àfi bó ṣe di ọjọ́ kan tó bẹ̀rẹ̀ sí í da kafé tútù tó le dáadáa sí ìdí ife, kó tó rọra da bíà dúdú náà lé e lórí. Kí oṣù náà tó parí, àwọn èèyàn ti ń dúró de àga níbẹ̀.

Olùkọ́ kan tó máa ń mu kafé lọ́dọ̀ mi lárààárọ̀ ló sọ fún mi. Ó ní, "Patírọ̀ọ́nù, ọ̀gá mi, kafé inú bíà àbúrò yín yẹn, ṣé ẹ̀yin lẹ yan án?" Mo ní rárá. Ó wo inú ife mi, ó wo ojú mi, ó ní, "Ẹ lọ tọ́ ọ wò." Kò mu èyí tó kù nínú ife náà tán.

Lọ́jọ́ Àìkú, lẹ́yìn tí a jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo mú ìyàwó mi, a gba Ladjifarani lọ. Àbúrò mi gbé ife méjì kalẹ̀. Ìyàwó mi kọ́kọ́ tọ́ tirẹ̀ wò. Ó mú un sẹ́nu, kò tètè gbé e mì, ó di ojú, lẹ́yìn náà ó là á, ó ní, "Ó dùn." Àbúrò mi ló ń wò bó ṣe ń sọ ọ́, ojú àwọn méjèèjì sì pàdé bíi tàwọn tó jọ mọ nǹkan kan.

Mo gbé ife tèmi kí n lè rí àbùkù rẹ̀. Ìfófó orí rẹ̀ pọ́n bí ìyẹ̀pẹ̀ Parakou lẹ́yìn òjò. Ìkorò bíà ló kọ́kọ́ dé, mo ní ẹn-ẹ́n, mo mọ̀ ọ́n. Kí n tó yọ̀ tán, kafé ti gba ahọ́n mi lọ́wọ́ rẹ̀. Kò korò. Adùn kan wà lábẹ́ rẹ̀ tó jọ ti ṣúgà tí iná yọ́, bẹ́ẹ̀ wọn kò fi ṣúgà sí i. Nígbà tí mo gbé e mì tán ni èéfín igi kan ṣẹ́kù sí ọ̀nà ọ̀fun mi, ó ṣe fẹ́ẹ́rẹ́, ó sì pẹ́ níbẹ̀. Ẹni tó yan kafé yẹn ti sọ ọ́ kalẹ̀ láàárín ohùn àkọ́kọ́ àti ohùn kejì, ní ibi tó ti máa ń dákẹ́. Èmi kò gbìyànjú láti sọ ọ́ kalẹ̀ níbẹ̀ rí, ẹ̀rù ibẹ̀ ń bà mí. Bí èèyàn bá yá jù, koríko ni yóò máa mu. Bí ó bá pẹ́ jù, ohun tí èmi ń tà náà ni yóò rí. Onítọ̀hún sì já a gẹ́lẹ́.

Mo bi àbúrò mi léèrè ibi tó ti ń rí kafé rẹ̀ rà. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ bi ìyàwó wa."

Gbogbo ọ̀nà tí a gbà padà sí Banikanni ni mo fi ń rò ó. Bi ìyàwó wa. Kí ló kan ìyàwó mi nínú ohun tó ń rà? Ìgbà yẹn ni mo rántí pé Ọjọ́bọ̀ kọ̀ọ̀kan ni ìyàwó mi máa ń gbé abọ́ tó fi aṣọ bò, tí á ní òun ń lọ Ladjifarani. Mo ti rò tẹ́lẹ̀ pé oúnjẹ ló ń gbé lọ fún un, nítorí àbúrò mi kò tíì níyàwó. Nígbà tí Ọjọ́bọ̀ tún dé, mo bi í pé kí ló ń lọ ṣe. Ó tún gèlè rẹ̀ wé, ó ní, "Mò ń lọ kí ọkọ mi ni, Bàbá wọn," ó sì rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn kò yàtọ̀ sí èyí tó ti ń rín láti ọdún mọ́kànlá, ṣùgbọ́n mi ò lè bá a rín in mọ́.

Wọ́n ní èèyàn a máa jowú. Tèmi, jíjẹ ni mo jẹ ẹ́, mo sì jẹ ẹ́ yó. Bí ìyàwó mi bá ti dé, mo máa ń wá ọgbọ́n súnmọ́ ọn kí n lè gbọ́ òórùn aṣọ rẹ̀. Ẹlòmíràn ì bá gbóòórùn tó máa tú àṣírí fún un. Ní ilé tèmi, kafé ni aṣọ ń rùn, kafé ni ìrọ̀rí ń rùn, kafé ni ọmọ ń rùn. Nígbà kan mo tẹ̀ lé e lẹ́yìn títí dé Albarika, ẹnìkan kí mi, ojú tì mí, mo yà sí ọ̀nà ọjà bí ẹni pé ibẹ̀ ni mò ń lọ tẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn náà, bí mo bá ń yan kafé, mo máa ń gbìyànjú láti sọ ọ́ kalẹ̀ níbi ìdákẹ́jẹ́ yẹn. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo gbìyànjú, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo bà á jẹ́. Ìyàwó mi jókòó lórí àpótí rẹ̀, ó ń wò mí, ó ń ṣa òkúta.

Délégé àdúgbò, aṣojú ìjọba láàárín wa, ló wá dá kún un. Ó ní àwọn àlejò ń bọ̀ láti Kútọnu wá wo iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ará Parakou, komité, ìgbìmọ̀ Rẹfolúṣọ̀n ládùúgbò, sì ń wá ohun mímu tí a fi ọwọ́ ara wa pò tí wọn yóò gbé síwájú wọn. Wọ́n ti gbọ́ nípa bíà oníkafé. Bí ó bá yege, àbúrò mi yóò gba ìwé àṣẹ láti máa tà á ní gbogbo ìpàdé àti ní pápá ìṣeré. Bí kò bá yege, kí ó yéé pò ó, nítorí àwọn kan ti ń sọ pé ayédèrú ni. Délégé wá ní, "Kámáráádì, ìwọ lo mọ kafé jù ní Parakou. Ẹnu rẹ ni a ó gbà."

Mo ní mo gbọ́. Inú mi dùn lọ́nà tí kò dára.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ọjọ́ ìtọ́wò, ìyàwó mi se ọbẹ̀ ẹ̀gúsí pẹ̀lú wàràkàṣì, oúnjẹ tí mo fẹ́ràn jù. Ó jókòó tì mí títí mo fi jẹun tán. Lẹ́yìn náà ló sọ pé, "Bàbá wọn, ẹ jọ̀ọ́, lọ́la, ẹnu ni kẹ́ ẹ fi tọ́ ọ wò. Ẹ má fi inú tọ́ ọ."

Mo ní, "Kí ló kàn ọ́ níbẹ̀?"

Ó ní, "Ó kàn mí."

Mi ò bi í mọ́. Ó ti tó mi. Obìnrin tí kò bẹ̀ mí nítorí ara rẹ̀ rí, ó ń bẹ̀ mí nítorí ọkùnrin. Mo fi ọbẹ̀ rẹ̀ sínú, mo sì sùn pẹ̀lú ìpinnu.

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n tẹ́ tábìlì síwájú bùfẹ́ẹ̀tì. Délégé jókòó pẹ̀lú ìwé rẹ̀ lórí eékún, àwọn ọmọ komité mẹ́ta wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àwọn ará àdúgbò dúró káàkiri. Ìyàwó mi dúró lẹ́yìn, ó gbé àwo tí ife wà lórí rẹ̀ dání. Àbúrò mi da kafé, ó da bíà, ó dúró kí ìfófó rẹ̀ wálẹ̀, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún mi.

Mo mu ún. Ó dára ju ti ọjọ́ Àìkú yẹn lọ. Ẹni tó yan án ti tún ọwọ́ rẹ̀ ṣe sí i, èéfín igi náà ti dín kù, adùn abẹ́ rẹ̀ ti jinlẹ̀. Mo rántí ọ̀gá mi, mo rò pé ká ní ó wà láyé, òun náà ì bá béèrè ẹni tó yan án. Mo mu ún lẹ́ẹ̀kejì kí n lè rí i dájú.

Mo gbé ife sílẹ̀, mo ní, "Ó ti jóná."

Délégé ní kí n ṣàlàyé. Mo ní ẹni tó yan kafé náà kò mọ iṣẹ́, ó gbàgbé rẹ̀ sórí iná, ìdí rẹ̀ ti di èédú, bíà ló ń bo àbùkù rẹ̀ mọ́lẹ̀. Wọ́n ń mi orí. Kò sí ẹnìkan níbẹ̀ tó lè já irọ́ mi. Dúdú ni bíà, dúdú ni kafé, ta ni yóò wo inú ife kó mọ̀ pé kafé yẹn kò tilẹ̀ dúdú tó tèmi? Ẹni tó yan án nìkan ló lè mọ̀ pé irọ́ ni mo pa.

Mo wá yí ojú sí àbúrò mi kí n lè rí i bí ojú ṣe ń tì í. Kò wo ọ̀dọ̀ mi rárá. Ìyàwó mi ló ń wò. Ìyàwó mi ti gbé àwo sílẹ̀, ó ń nu ife kan tó mọ́ tẹ́lẹ̀.

Mo dìde, mo bọ́ sí abẹ́ igi máńgòrò tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀. Àbúrò mi tẹ̀ lé mi. Kò gbé ohùn sókè. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹni a ní kó fẹ́ni lójú, ata lẹ fi sẹ́nu. Ìyàwó wa ló yan kafé yẹn."

Mo ní kí ló sọ.

Ó ní, "Ẹ̀yìn ilé mi ló ti ń yan án, lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀; kafé tí a kò tíì yan ló ń gbé wá nínú abọ́ tó fi aṣọ bò. Ìkòkò amọ̀ ló fi ń yan án, igi òrí ló fi ń dáná rẹ̀. Ọdún mọ́kànlá ló fi jókòó tì yín, ó ń gbọ́ ohùn rẹ̀ lórí iná. Òun ló ní kí n má sọ fún yín. Ó ní bí ẹ bá ti fi ẹnu ara yín yìn ín lójú èèyàn, ẹ ò ní lè sọ mọ́ pé òun kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan orógùn."

Mo fẹ́ kí ẹ mọ bó ṣe rí lára mi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò buyì kún mi. Àkọ́kọ́, ara tù mí. Obìnrin mi kò lọ síbì kankan, "ọkọ mi" tó ń pè é kò ju "ọkọ mi" lọ, èmi nìkan ni mo ń bá òjìji jà. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n kí ẹ̀rín náà tó dé ẹnu mi ni owú kejì dé, ó sì ju ti àkọ́kọ́ lọ fíìfíì. Bí ó bá jẹ́ pé ọkùnrin ló gbà á lọ́wọ́ mi, gbogbo Ṣábẹ̀ ni yóò bá mi dá sí i. Ta ni n ó ké pè sí èyí? Ìyàwó mi mọ iṣẹ́ mi jù mí lọ. Orí àpótí ni ó jókòó sí tó fi kọ́ ọ, láìfọwọ́ kan nǹkan kan, ó fi etí lásán kọ́ ohun tí ọwọ́ mi kò mọ̀. Gbogbo "ó gbóná" tó ti ń sọ fún mi wá yé mi. Ó ń ṣàánú mi ni.

Délégé ké sí mi láti ìdí tábìlì. Bírò rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní, "Kámáráádì, ṣé kí n kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, pé ó jóná?"

Kò tíì kọ ọ́. Mo lè sọ pé kó dúró, kó fún mi ní òmíràn kí n tún un tọ́ wò, pé ahọ́n mi ló ṣe mí. Àbúrò mi ń wò mí. Ìyàwó mi náà gbé ojú sókè. Ó ti rí i pé a jọ sọ̀rọ̀ lábẹ́ igi, ó sì mọ̀ pé mo ti mọ̀.

Mo ní, "Kọ ọ́ bẹ́ẹ̀."

A jọ rìn padà sílé, òun níwájú, èmi lẹ́yìn. Kò sunkún, kò bú mi. Nígbà tí a dé ẹnu ọ̀nà ló tó sọ pé, "Bàbá wọn, kò jóná." Ó wọlé lọ bọ́ aṣọ ìjáde rẹ̀, ó sì lọ fọn iná oúnjẹ.

Kò lọ Ladjifarani lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀ mọ́. Àbúrò mi kó bíà dúdú rẹ̀ padà sí ìsàlẹ̀ pẹpẹ, ó sì ń kí mi bí a ti ń kí ẹ̀gbọ́n. Èmi ń yan kafé mi lọ, mò ń sọ ọ́ kalẹ̀ nígbà ohùn kejì, ìyàwó mi ń ṣa òkúta lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Nígbà mìíràn tí agbada bá dé ibi ìdákẹ́jẹ́ yẹn, mo máa ń rí i tí ọwọ́ rẹ̀ á dúró lórí òkúta. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú kan, á tún máa ṣa á lọ.

Ó tó ọdún méjì lẹ́yìn rẹ̀ tí obìnrin kan fi wá sídìí tábìlì wa ní ibùdókọ̀. Ó ní Albarika ni òun ti ń bọ̀, pé òun mu bíà oníkafé kan rí tí kò kúrò lọ́kàn òun, wọ́n sì sọ fún òun ní Ladjifarani pé màmá tó yan kafé rẹ̀ ló ń ta kafé níbí. Ó fẹ́ kọ́ṣẹ́ náà. Ó ti mú orógùn tirẹ̀ wá pàápàá, ó fi bébà wé e.

Ìyàwó mi ń fọ ife. Kò gbé ojú sókè. Ó ní, "Wọ́n ṣì yín lọ́nà ni, ìyá. Èmi kò mọ kafé yan. Bàbá wọn ló mọ̀ ọ́n."

Obìnrin náà yí padà sí mi, ó ní, "Bàbá, ṣé bẹ́ẹ̀ ni?"

Ọwọ́ ìyàwó mi dúró nínú omi.

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni." Inú mi dùn bí mo ṣe ń sọ ọ́.